Lẹ́tà ṣíṣí sí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun: Ẹ fún òfin ìdábẹ́ ní ẹnu

Sí Abẹnugan Ilé àti gbogbo ẹ̀yin ọlọ́lá tí ẹ ń ṣojú wa ní Òṣogbo,

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú, ẹ kú làálàá.

Agbẹ̀bí ni mí. Ọdún 31 ni mo fi gbẹ̀bí ní àwọn ilé ìwòsàn ìjọba nínú ìpínlẹ̀ yìí, láti ìlú ńlá dé abúlé, kí n tó fẹ̀yìn tì. Títí di òní, bí mo bá ń kọjá lọ́jà, ọkùnrin onírùngbọ̀n á dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ìyá rẹ̀ á ní, “Màmá nọ́ọ̀sì tó gbẹ̀bí ẹ nìyí.” Inú mi máa ń dùn. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọbìnrin tí mo gbà ni ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí dá lé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni mo gbé lé ìyá wọn lọ́wọ́ láìsí àbùkù kankan lára wọn, tí wọ́n sì gbé padà wá bá mi fún abẹ́rẹ́ àjẹsára ọ̀sẹ̀ kẹfà pẹ̀lú ojú àpá lábẹ́.

Ẹ má rò pé òfin ni mo wá tọrọ. Òfin wà. Láti 2004 ni ìpínlẹ̀ wa ti ní òfin tó ka dídá abẹ́ fún ọmọbìnrin léèwọ̀. Ní oṣù Karùn-ún 2015, nígbà tó ku ọjọ́ díẹ̀ kí Ààrẹ Goodluck Jonathan gbé ìjọba sílẹ̀, ó fọwọ́ sí òfin tó tako ìwà ipá sí ọmọnìyàn, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní VAPP. Abala kẹfà òfin náà kò fi igbá kan bọ̀kan nínú: ẹni tó bá dá abẹ́ fún ọmọbìnrin tàbí obìnrin lè ṣẹ̀wọ̀n tó ọdún mẹ́rin, ó lè san owó ìtanràn tó 200,000 náírà, ó sì lè jẹ méjèèjì pọ̀. Ẹni tó bá tì í lẹ́yìn, ẹ̀wọ̀n ọdún méjì tàbí 100,000 náírà. Àmọ́ agbègbè olú-ìlú wa Àbújá nìkan ni òfin ìjọba àpapọ̀ yẹn ti ń ṣiṣẹ́. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní láti mú tirẹ̀ wọlé, ìpínlẹ̀ wa sì ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2021. Mo dúpẹ́ fún ìyẹn, mo sì ń fi ọkàn kan dúpẹ́.

Ohun tó ń dùn mí ni pé òfin náà jókòó sínú ìwé, ó ń retí kí ẹnì kan wá fẹjọ́ sùn. Ta ni yóò wá? Ìwádìí lórí ìlera àwọn ènìyàn Nàìjíríà tí wọ́n ṣe ní 2018 sọ pé nínú 100 obìnrin tí wọ́n dá abẹ́ fún, 86 ni wọ́n ti dá a fún kí wọ́n tó pé ọmọ ọdún márùn-ún. Lọ́dọ̀ tiwa níbí, kì í pẹ́ tó ọdún rárá. Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ ni, tàbí ọjọ́ díẹ̀ sí i. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ kò dákẹ́ o. Ó ké, gbogbo agbo ilé sì gbọ́. Àmọ́ ìyá bàbá rẹ̀ ló gbé e lọ, bàbá rẹ̀ ló sanwó, àwọn ìyàwó ilé ló di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, ìyá rẹ̀ wà ní yàrá, ó ń fi ìró nu ojú. Nínú gbogbo àwọn tó gbọ́ igbe yẹn, èwo ni yóò wọ bàtà kó gba àgọ́ ọlọ́pàá lọ?

Mo mọ ohun tí mò ń sọ, torí èmi náà kò lọ.

Ọdún 1989 ni mo bí àkọ́bí mi, obìnrin. Mo ti gba ìwé ẹ̀rí agbẹ̀bí nígbà náà. Mo ti bá ọkọ mi sọ ọ́, ó sì gbà, pé a ò ní dá abẹ́ fún ọmọ wa. Ìyá ọkọ mi, kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún un, kò bá wa jiyàn. Ó ní òun ti gbọ́. Ọmọ náà ń lọ sí oṣù mẹ́ta nígbà tí mo padà sẹ́nu iṣẹ́, wọ́n sì fi mí sí iṣẹ́ alẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo wọlé ní nǹkan bí aago mẹ́jọ. Ilé dákẹ́ rọ́rọ́. Ìyá ọkọ mi jókòó lórí àpótí ní ẹ̀yìnkùlé, ó gbé ọmọ sórí ẹsẹ̀. Ìkarahun ìgbín méjì wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n ti fọ́ ìdí wọn, omi wọn ti ro tán sínú àwo kékeré kan. Ẹni tó bá dàgbà nílẹ̀ yìí mọ ohun tí omi ìgbín wà fún níbi tí abẹ bá ti kọjá. Wọ́n ní ó tutù, wọ́n ní kì í jẹ́ kí egbò ta ọmọ. Ìkarahun yẹn ni mo kọ́kọ́ rí kí n tó wo ojú ọmọ mi. Mo tú aṣọ ìdí rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó ti gbẹ lẹ aṣọ mọ́ ọn lára, omíràn ṣì ń ro díẹ̀díẹ̀. Kò sunkún mọ́, ó ti sun ún tán kí n tó dé. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí ọwọ́ mi bá kan itan rẹ̀, á gbọ̀n pẹ́pẹ́.

Ìyá ọkọ mi ní, “Ìyàwó mi, má bínú. N ò lè máa wò ọ́ níran kí o fi ọmọ yìí sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Tó bá dàgbà, á dúpẹ́.”

Ìyá náà kì í ṣe ìkà. Mo bẹ̀ yín, ẹ gbà mí gbọ́ níbí yìí, torí bí a bá ṣìnà níbẹ̀, gbogbo òfin tí a bá kọ lé e lórí yóò ṣìnà. Òun ló ń wẹ ọmọ yẹn láti ọjọ́ tí mo bí i. Òun ló ń jí lóru pọn ọ́n kí èmi lè sùn. Ohun tí ìyá tirẹ̀ ṣe fún un ló ṣe fún ọmọ mi, ìtọ́jú ló sì kà á sí. Mo bínú, mo sunkún, mo tọ́jú egbò náà fúnra mi. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni níbi iṣẹ́ torí ojú tì mí. Òfin kankan kò sí nígbà yẹn. Ká ní ó wà ńkọ́? Ṣé èmi ni n ó mú ìyá ọkọ mi lọ fún ọlọ́pàá, kí n sì padà wá sínú agbo ilé yẹn láti sùn?

Ìdí tí mo fi ń sọ èyí ni pé òfin tó gbé gbogbo ẹrù lé èjìká àwọn ará ilé lórí kò mọ ilé Yorùbá.

Ohun méjì ni mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ìyá àgbà. Wọ́n ní bí wọn ò bá gé e, ọmọbìnrin á ya oníṣekúṣe. Èyí kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀: gbogbo wa la mọ obìnrin tí wọ́n dá abẹ́ fún tó ń rìn bó ṣe wù ú, a sì mọ èyí tí wọn ò dá a fún tó jókòó jẹ́ẹ́ nílé ọkọ. Ìwà kì í gbé ibẹ̀. Èkejì ló le, torí ìbẹ̀rù ló bí i. Wọ́n ní bí orí ọmọ bá kan ẹran kékeré yẹn nígbà tó ń bọ̀ wáyé, ọmọ á kú. Ìyá tó gba èyí gbọ́, ẹ̀mí ọmọ-ọmọ rẹ̀ ló rò pé òun ń dáàbò bò. Ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́rin kò lè dẹ́rù ba irú ẹni bẹ́ẹ̀ bíi ikú ọmọ.

Ó yẹ kí ẹ ní èsì fún un, èsì náà sì wà. Ní 2006, Àjọ Ìlera Àgbáyé tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn obìnrin tó lé ní 28,000 tí wọ́n wá bímọ nílé ìwòsàn ní orílẹ̀-èdè mẹ́fà nílẹ̀ Áfíríkà, Nàìjíríà sì wà nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Àwọn tí wọ́n dá abẹ́ fún ni ẹ̀jẹ̀ ń ya lára wọn jù lẹ́yìn ìbímọ. Àwọn ni wọ́n ń fi iṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí wọn jù. Ọmọ tiwọn ló sì ń kú jù nígbà ìbí àti ní kété lẹ́yìn ìbí. Bí ohun tí wọ́n gé ṣe pọ̀ tó ni ewu náà ṣe pọ̀ tó. Nítorí náà, ọmọ ń kú lóòótọ́, ṣùgbọ́n abẹ yẹn ló ń pa á.

Kí ìwádìí yẹn tó jáde ni ojú mi ti rí i. Bí orí ọmọ bá ń bọ̀, ẹran ojú ara á máa fẹ̀ díẹ̀díẹ̀, á rọ̀, á tínrín, á sì gba ọmọ láyè. Àpá kì í fẹ̀. Ó le gan-an bí etí awọ bàtà. Orí ọmọ á dé ibẹ̀, á dúró, ìyá á máa tì, a ó máa bẹ̀ ẹ́ kó rọra, títí àpá yẹn á fi ya, kì í sì í ya síbi tí a fẹ́. Ọmọbìnrin kan wà tó wá bí oyún àkọ́kọ́ lọ́dọ̀ mi lálẹ́ ọjọ́ kan. Tirẹ̀ ya sókè, síhà ibi tí ìtọ̀ ń gbà. Iná ti lọ. Ìyá rẹ̀ ló di tọ́ọ̀ṣì mú fún mi kí n fi rán an. A ti rán an dé ìdajì nígbà tó bi mí pé, “Nọ́ọ̀sì, kí ló dé tó fi ya báyìí?” N kò ní agbára àtiparọ́. Mo sọ fún un pé àpá ni. Ìmọ́lẹ̀ tọ́ọ̀ṣì náà yí kúrò lójú iṣẹ́, ó lọ sára ògiri. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú òkùnkùn: “Èmi ni mo gbé e lọ.” Lẹ́yìn náà ló dá iná padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀, ó sì dì í mú títí mo fi rán an tán.

N kò lè gbàgbé ìyá yẹn. Bí ẹnikẹ́ni bá ti sọ fún un ní ogún ọdún ṣáájú, kì bá tí gbé e lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí ìrètí wà pẹ̀lú. Irú ìwádìí ìlera Nàìjíríà tí mo mẹ́nu bà lókè, èyí tí wọ́n ṣe ní 2013, sọ pé nínú 100 obìnrin Ọ̀ṣun láti ọmọ ọdún 15 dé 49, nǹkan bí 77 ni wọ́n ti dá abẹ́ fún. Kò sí ìpínlẹ̀ kankan ní Nàìjíríà tó pọ̀ tó tiwa. Ti 2018 sọ pé ó ti wálẹ̀ sí nǹkan bí 46. Àwọn ènìyàn ń jáwọ́ o. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2018 yẹn kan náà, kárí Nàìjíríà, nǹkan bí 19 nínú 100 ọmọbìnrin tí kò tíì pé ọdún 15 ni ìyá wọn sọ pé wọ́n ti dá a fún, ó ju 17 tí wọ́n kà ní 2013 lọ. Àwọn obìnrin tó ti dàgbà ni ìròyìn tó dára yẹn ń sọ. Ti àwọn ọmọ ni kí ẹ fojú sí.

Mo sì máa ń rò ó pé kí ló mú kí ilà ojú tètè kú bẹ́ẹ̀. Nígbà èwe mi, pélé, àbàjà, gọ̀ǹbọ́ wà lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn. Lónìí, ìkókó tó ní ilà ṣọ̀wọ́n. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti 2003 ka kíkọ ilà sí ọmọ lára léèwọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ti ń kú kí òfin náà tó dé. Ohun tó pa á ni pé gbogbo ènìyàn ló ń rí i: wọ́n ń fi ọmọ ṣe yẹ̀yẹ́ nílé ìwé, òbí ń rí i, ó ń dùn wọ́n. Ìdábẹ́ kò tíì kú torí pé aṣọ bò ó. Ẹni tó ń rí i láti ìta kò ju agbẹ̀bí, nọ́ọ̀sì abẹ́rẹ́ àti dókítà lọ. Àwa gan-an ni òfin yín kò bi léèrè ohunkóhun.

Ní 2009, ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kan wá fún abẹ́rẹ́. Egbò náà kò tíì jinná, ó ti kó ọyún, ara ọmọ ń jó bí iná. Òfin ti pé ọdún márùn-ún nígbà náà, mo sì mọ̀ pé ó wà. Mo tọ́jú ọmọ, mo lọ sọ fún ọ̀gá mi. Ọ̀gá ní ọ̀rọ̀ ilé ni, kí n má lé àwọn ìyá sá fún abẹ́rẹ́. Lọ́jọ́ kejì mo lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ọlọ́pàá tó wà lórí àga bi mí pé, “Ṣé ìwọ lo bí ọmọ náà?” Mo ní rárá. Ó ní, “Ìyá rẹ̀ ló rán ẹ wá?” Mo ní rárá. Ó pa ìwé ńlá iwájú rẹ̀ dé, ó rọra sọ fún mi pé, “Màmá, ẹ máa lọ sílé.” Kò bú mi o. Kò sẹ́ni tó sọ fún un rí pé irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ wà.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ra ìwé kékeré kan aláwọ̀ búlúù. Bí mo bá ti rí ọmọ tó ní àpá tuntun, mo ń kọ ọjọ́ àti ọjọ́ orí ọmọ síbẹ̀, láìkọ orúkọ ẹnikẹ́ni. N kò mọ ẹni tí mò ń kọ ọ́ fún nígbà náà. Mo kàn mọ̀ pé kò yẹ kó máà sí níbì kankan.

Ohun tí mò ń bẹ̀ yín fún nìyí. Ẹ ṣe àtúnṣe sí òfin 2021 kí ó di iṣẹ́ fún gbogbo òṣìṣẹ́ ìlera tó bá rí i pé wọ́n ti dá abẹ́ fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18, tàbí tó bá gbọ́ pé wọ́n fẹ́ dá a fún un, láti fi tó ìjọba létí lábẹ́ òfin, kí òfin sì dáàbò bo ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tí a bí ọmọ, ọ̀sẹ̀ kẹfà, ọ̀sẹ̀ kẹwàá, ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá, oṣù kẹsàn-án: ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni káàdì abẹ́rẹ́ fi ń gbé ọmọ wá síwájú ìjọba kó tó pé ọdún kan. Ọmọ tí kò lè sọ̀rọ̀ ń wá sọ́dọ̀ yín lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ẹnì kan ní àṣẹ láti sọ ohun tó rí.

Kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kò ṣe rí. Ní Benin, níbi tí àwọn ará wa ti Kétu àti Sábẹ̀ wà, òfin tí wọ́n ṣe ní oṣù Kẹta 2003 kò fi mọ sórí ẹni tó mú abẹ dání. Ẹni tó mọ̀ tó sì pa á mọ́ra náà ní ẹ̀bi. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Burkina Faso, tí òfin wọn ti wà láti 1996, tí wọ́n sì ti fi ṣe ìdájọ́ àwọn ènìyàn lóòótọ́. Ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì, láti oṣù Kẹwàá 2015, nọ́ọ̀sì, dókítà àti olùkọ́ tó bá rí i lára ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18, tàbí tí ọmọ náà bá sọ fún un, gbọ́dọ̀ fi tó ọlọ́pàá létí. Mo mọ nọ́ọ̀sì ọmọ Ọ̀ṣun tó wà níbẹ̀ tí òfin ibẹ̀ fún ní ohun tí òfin ilé baba rẹ̀ kò fún èmi.

Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ, torí ọ̀gá mi ti sọ ọ́ ní 2009: ṣé àwọn ìyá kò ní sá? Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ lásán, mo sì ti rò ó fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí ó bá jẹ́ pé ọlọ́pàá ló máa dúró sẹ́nu ọ̀nà ibi tí a ti ń gba abẹ́rẹ́, wọn yóò sá, ọmọ yóò sì kú ikú èéyi tó yẹ kí abẹ́rẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ̀ yín pé kí ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà oyún. Kí agbẹ̀bí bi aláboyún léèrè, kí ó sọ fún un ohun tí òfin wí, kí ó pe ìyá ọkọ wá kí ó sọ fún òun náà, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé wọ́n ti gbọ́. Ká ní ẹnì kan ti fi ìwé ìjọba han ìyá ọkọ mi ní 1989, ó ṣeé ṣe kó máà lọ. Ẹnu mi nìkan kò tó, torí ìyàwó ilé ni mí. Bí ó bá sì ti ṣẹlẹ̀, kí ẹjọ́ kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ òṣìṣẹ́ tó ń mójú tó ire ọmọdé, kí wọ́n tọ́jú ọmọ, kí ìyá tó bá fẹnu ara rẹ̀ sọ òtítọ́ má ṣẹ̀wọ̀n. Ẹni tó mú abẹ dání, tó gbowó, òun ni kí òfin dì mú ṣinṣin.

Ọ̀rọ̀ àwọn olóòlà, wọ́n máa ń sọ pé oúnjẹ wọn ni a fẹ́ gbà. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ tó kù lọ́wọ́ wọn jù ni ìkọlà ọmọkùnrin, kò sì sẹ́ni tó sọ pé kí wọ́n fi ìyẹn sílẹ̀. Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé olóòlà á wá fún ọmọkùnrin kan nínú agbo ilé láàárọ̀, wọ́n á ní níwọ̀n ìgbà tó ti dé, kó bá wọn fọwọ́ kan ti ọmọbìnrin yẹn náà.

Àwọn tó ń dùn mí ju olóòlà lọ ni àwọn ẹlẹgbẹ́ mi. Nọ́ọ̀sì wà tó ń ṣe é nílé ní ìrọ̀lẹ́, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ tó ń pa ìrora, tó ń sọ fún òbí pé tòun kò léwu. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ ọ́ láìmọye ìgbà pé òṣìṣẹ́ ìlera kò gbọ́dọ̀ ṣe é rárá, bó ti wù kí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ tó. Kíkọ́ tí a kọ́ wa fi kún ẹ̀bi wa ni. Ẹ jẹ́ kí ìjìyà nọ́ọ̀sì àti dókítà wúwo ju ti ìyá àgbà tí kò kàwé lọ, kí ẹ sì pa á láṣẹ pé kí ilé ẹjọ́ fi orúkọ ẹni tí ẹ̀bi bá bọ́ sí lórí ránṣẹ́ sí àjọ tó fún un níwèé ẹ̀rí, kí wọ́n gba ìwé ẹ̀rí náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ tún kọ òfin náà ní Yorùbá, Yorùbá tí ènìyàn ń sọ. Kò sí ìyá àgbà kankan tó gbà pé òun ń ṣe ọmọ níkà. “A kàn fọwọ́ kan orí rẹ̀ ni,” “a kàn ta á lábẹ kí ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ jáde ni,” ohun tí mo máa ń gbọ́ nìyẹn. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé gígé, bíbó, títa lábẹ, ìkankan nínú wọn, kékeré tàbí ńlá, lábẹ́ ọmọbìnrin, òfin kò gbà á. Kí wọ́n kà á lórí rédíò, kí wọ́n kà á ní mọ́ṣáláṣí àti ní ṣọ́ọ̀ṣì, torí kò sí nínú Àlùkùránì, kò sì sí nínú Bíbélì.

Ohun kan ṣì kù. Àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun ń gbé ọmọ wálé fún ìsinmi. Òfin ìlú Gẹ̀ẹ́sì ka gbígbé ọmọ jáde lọ dá abẹ́ fún sí ẹ̀ṣẹ̀ ńlá, ilé ẹjọ́ níbẹ̀ sì ti sọ ẹnì kan sẹ́wọ̀n ọdún méje nítorí ọmọ tó gbé lọ sí Kenya. Kí ó má jẹ́ pé ilẹ̀ wa ni wọn yóò máa sá wá torí pé wọ́n mọ̀ pé níbí, kò sẹ́ni tó ń bèèrè.

Ẹ má sì jẹ́ kó pẹ́. Orílẹ̀-èdè Gambia fòfin de ìdábẹ́ ní 2015. Ọdún mẹ́jọ gbáko ló gbà kí wọ́n tó fi dá àwọn obìnrin mẹ́ta lẹ́bi ní 2023, ariwo sì sọ pé kí wọ́n fagi lé òfin náà. Ilé aṣòfin wọn ló dúró gbọin ní oṣù Keje 2024 tí wọ́n fi kọ̀ ọ́. Òfin tó bá sùn pẹ́, ọjọ́ tó bá jí ni wọ́n máa ń bi í pé kí ló wá ṣe.

Àkọ́bí mi ti bímọ tirẹ̀, obìnrin, mo sì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tó bí i. Ó pẹ́ kí orí ọmọ tó jáde. Ó di ọwọ́ mi mú, kò bi mí ní ìbéèrè kankan. Ó mọ̀. Lọ́jọ́ kẹjọ, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá ìkókó láti àárọ̀ títí àlejò tó kẹ́yìn fi lọ.

Bí ẹ bá pe ìjókòó ìgbọ́rọ̀ aráàlú lórí àtúnṣe òfin yìí, ẹ kéde ọjọ́ náà, èmi yóò wá. N ó gbé ìwé búlúù yẹn lọ́wọ́. Bí ẹ bá fún mi láyè, n ó ka ọjọ́ tó wà níbẹ̀ sí yín létí, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì, ọmọ bíbí Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun